Olùkọ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Yá Ọmọ

Mọ́tò pa Àǹtí Bọ́tìnnì lẹ́yìn ilé ìwé, lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ tó ń ṣe ìdánwò ìgbẹ̀yìn tí ì bá sọ ọ́ di olùkọ́ àwọn ọmọ àkàndá. Nígbà tí a ń múra àtisin ín, ọ̀gá ilé ìwé wá, ó pe ìyá olóògbé sí kọ̀rọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bá a kẹ́dùn ni. Àṣé ìwé ìkéde ìsìnkú tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ló gbé e wá.

"Mọ̀mí, ẹ má bínú o," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ 'olùkọ́' tí ẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀ yẹn kúrò. Kò tíì gba sátífíkéètì. Bí àwọn ọ̀gá wa bá rí i, wàhálà ni yóò dà sí wa lọ́rùn."

Aránṣọ ni ìyá náà, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà ẹ̀wù tó wọ̀. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ náà, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ọ̀gá ilé ìwé wò mí, ó wo ìwé ara ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ayé! Òkú ò tíì wọlẹ̀, wọ́n ti ń já iṣẹ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí à ń wí fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọbìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kì í sáré bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Ilẹ̀kùn là ń pè é nílé, torí kò sí ilẹ̀kùn tó bá ní títì tí kò ní ṣí, kò sì sí èyí tó bá ní ṣíṣí tí kò ní tì. Kọ́kọ́rọ́ ni o, ìkọ́ ni o, ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo wọn. Aṣọ ni kò mọ̀ ọ́n wọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ ló ṣì ń wọṣọ fún un láràárọ̀. Ilé ìwé tó bá sì gbà á lónìí, wọ́n á ní ká wá mú un láìpẹ́, pé ó ń da kíláàsì rú.

Kíláàsì àkàndá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa nìkan ni kò lé e. Àǹtí Bọ́tìnnì ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ rán wá láti fi iṣẹ́ kọ́ra. Ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó gba ègé aṣọ àti bọ́tìnnì ńláńlá ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó kàn wọ́n mọ́ pákó pẹlẹbẹ, ìyẹn ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń wọṣọ. Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti jáde nìyẹn.

Ẹ̀yìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Yóò ti bọ́tìnnì bọ ojú rẹ̀ títí yóò fi ku díẹ̀ kó yọ, yóò wá fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ á fà á, bọ́tìnnì á jáde, ọmọ á rí i pé òun lòún parí ẹ̀. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, Àǹtí á fi díẹ̀ sí i sílẹ̀ fún un, títí ọmọ á fi ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe é lódìlódì báyẹn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yìí ti kùnà tó láyé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ṣe nǹkan kó yanjú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ẹkún ló ń sun. Mo ní ta ló kú? Ó ní kò sẹ́ni tó kú, pé Ọ̀gá Ilẹ̀kùn ti de bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀. Ó dè é wọ́, apá kan gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò gbà kí ìyá rẹ̀ tún un ṣe, wíwọ́ báyẹn ló gbé e lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò rí aṣọ tó bá ọmọ òun lára mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣé ẹni tó ṣe irú èyí kì í ṣe olùkọ́? Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń sọ èèyàn di olùkọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n á kàwé fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á jókòó ìdánwò ìwé. Ó yege nínú gbogbo ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni alábẹ̀wò yóò wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ́ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà kéèyàn gbìyànjú. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, kó máa lọ sílé, gbogbo ìwé tó kà ti wọmi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju eéje lọ. Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò bá ń bọ̀, wọn kì í fi ọmọ àkàndá hàn án. Wọ́n á lọ yá àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tò wọ́n sórí àga, wọ́n á kì wọ́n nílọ̀ pé kí wọ́n rọra máa dáhùn, kó lè dà bí ẹni pé wọn kì í yára. Ọmọ àyálò ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tó ni kíláàsì gan-an ńkọ́? Wọ́n wà nínú yàrá ẹrù, láàárín àga tó ti ṣẹ́ àti ike ọ̀dà tó ti gbẹ, a ti fi ìkọ́ há wọn mọ́bẹ̀. Alábẹ̀wò á wò, á mi orí, á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì. Ṣé alábẹ̀wò ò wá mọ̀ ni? Ẹni tí kò bá mọ̀ kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti tò wọ́n tán?"

Báyìí ni èèyàn ṣe lè gba sátífíkéètì olùkọ́ àkàndá lórílẹ̀ ayé, kí alábẹ̀wò tó fún un ní máàkì má sì rí ojú àkàndá kan ṣoṣo.

Àǹtí Bọ́tìnnì kọ̀. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Alábẹ̀wò ní ariwo pọ̀. Ó ní ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣé wọn ò kọ́ ọ pé iwájú là ń gbà dé ẹ̀yìn ni? Nígbà kejì, ó ní kò sí ọmọ tó de bọ́tìnnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí àkókò tó pé. Ẹ̀kọ́ tó ń gba oṣù gbáko, wọ́n fẹ́ kó jinná kí agogo ìsinmi tó lù! Ó kùnà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Bó ṣe ku ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀gá ilé ìwé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Mo wà níbẹ̀, ṣòkòtò mi kan ni wọ́n ń bá mi gé kù.

"Ọmọ mi," ló wí, "yá wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó o bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, kọ́ àwọn ọmọ rẹ bó o ṣe fẹ́, ta ni yóò bi ọ́?"

"Mà, tí mo bá tì wọ́n mọ́lé kí n tó lè gbàwé pé mo mọ̀ wọ́n ọ́n kọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn tí mo bá ṣílẹ̀kùn?"

"Àwọn wo? Ṣé nǹkan yé wọn ni?"

Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ. Ariwo ẹ̀rọ yìí ni mi ò fi gbọ́." Ọ̀gá ilé ìwé ní òun ti fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n abiyamọ ni abiyamọ. Bí ọ̀gá ilé ìwé ti lọ tán, ìyá yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Ìwọ náà rò ó o. Èyí tó kù yìí, tó bá tún bọ́, ó bọ́ nìyẹn." Ọmọ ní, "Màámi, mo ti rò ó." Ó mú bọ́tìnnì díẹ̀ nínú agolo, ó jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ẹnu akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì ni mo ti gbọ́ ọ. Àǹtí gbé pákó rẹ̀ dé, ó bá alábẹ̀wò lórí àga. Ó wo iwájú, ó bá ọmọ tí kò mọ̀ rí. Ọ̀gá ilé ìwé ti bá a yá wọn láìsọ fún un. Ibi tí Àǹtí dúró sí, kò kúrò níbẹ̀.

"Sà," ló wí, "àwọn ọmọ yìí kì í ṣe tèmi."

"Màdáámù, àwọn tó wà níwájú yín ni kí ẹ kọ́. Àkókò ti ń lọ."

"Àwọn tèmi dà, sà?"

Ọ̀gá ilé ìwé ń ṣẹ́jú sí i láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn ògiri kíláàsì, ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, gbà, gbà, gbà. Àwọn ọmọ àyálò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò tẹ́ ìwé máàkì sórí itan, ó ṣí bírò. Ẹ rò ó wò: bọ́tìnnì kan ṣoṣo báyìí, kó sọ pé ẹ fà á, kí wọ́n fà á, ó ti di olùkọ́ nìyẹn. Akẹgbẹ́ rẹ̀ ní òun ń gbàdúrà nínú pé kó ṣáà bẹ̀rẹ̀.

Ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbá bá dákẹ́.

Èmi àti ẹ̀yin mọ ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn. Yàrá náà ní ilẹ̀kùn kejì tó já sí títì. Àǹtí ju pákó sílẹ̀, ó sáré jáde, alábẹ̀wò ń pè é lẹ́yìn pé, "Màdáámù! Àkókò yín ò tíì pé o!" Ó bá Ọ̀gá Ilẹ̀kùn láàárín títì, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó lára ọmọ. Mọ́tò náà ò rí ibi yà sí.

Ọ̀gá ilé ìwé pe àwọn ọmọ jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n yé ṣeré lójú títì. Ẹ gbọ́? Àwọn ọmọ ló jẹ̀bi!

Mo gba ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìdánwò lọ. Ọkùnrin tí wọ́n fi mí hàn níwà tútù, ó ní kí n jókòó, ó ní àwọn kẹ́dùn. Mo ní máàkì wo ni wọ́n wá fún un.

"Ó kùnà, Ọ̀gbẹ́ni. Ó fi kíláàsì sílẹ̀ kí àkókò tó pé, kò sì gbàṣẹ."

"Ó lọ gba ọmọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́nu ikú ni."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí lára ohun tí à ń fún ní máàkì."

"Àwọn ọmọ tó wà lórí àga nígbà náà ńkọ́, ti kíláàsì wo ni wọ́n?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu.

Inú ń bí mi o. Kí ló wá wà lára ohun tí ẹ̀ ń fún ní máàkì? Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ àyálò? Àwọn tí ẹ ti fún ní sátífíkéètì lórí irọ́ yìí, kíláàsì wo ni wọ́n wà lónìí, ọmọ ta ló wà lábẹ́ wọn? Ìgbà tí àkàndá gidi bá pariwo níwájú wọn, ṣé wọn ò ní wá yàrá ẹrù? Kí ni ẹ kọ́ wọn ju ìyẹn lọ? Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ọmọ rẹ̀ débi pé ìdákẹ́jẹ́ lásán ta á lólobó, òun gan-an lẹ ní kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Ọ̀gá Ilẹ̀kùn kì í wọ yàrá kankan mọ́, àfi bí ẹnìkan bá di ilẹ̀kùn mú ní ṣíṣí. Ó ń bèèrè Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé Àǹtí ti kú, ó gbọ́, ó tún bèèrè.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àwa ẹbí àwọn ọmọ náà fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìdánwò pe alábẹ̀wò yẹn àti ọ̀gá ilé ìwé síta, kí wọ́n rojọ́ ní gbangba. Kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ àwọn méjèèjì dúró títí ẹjọ́ yóò fi yanjú. Kí wọ́n fún olóògbé ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. A ò tọrọ àánú, iṣẹ́ ló ṣe, kí wọ́n lọ bi àwọn ọmọ tó kọ́. Kí alábẹ̀wò má sì tún ránṣẹ́ ṣáájú ìbẹ̀wò mọ́.

Ẹ má rò pé ìtìjú ti mú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti wà ní kíláàsì náà, wọn ó dán an wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé sì ti ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé kí a bá òun mú àwọn ọmọ wa dání nílé lọ́jọ́ náà, nítorí ààbò wọn. Wọ́n ti rí yàrá ẹrù tuntun: inú ilé wa. Àwa la ó wá máa bá wọn ti ilẹ̀kùn.

A ò ní tì í. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ọmọ kíláàsì yẹn ló ń bọ̀, àwa tí a ni wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú wọn, ìyá aránṣọ ni yóò sì ṣáájú wa wọlé. Kí alábẹ̀wò tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì, yóò dìde níwájú obìnrin náà, yóò sì sọ fún un ẹni tó ní kí wọ́n ti àwọn ọmọ wa mọ́lé.