Àdògán Tí Mo Kọ́kọ́ Rọ

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí màmá mi fi àdògán tí mo kọ́kọ́ rọ ní Suame Magazine, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ṣiṣẹ́, se ọbẹ̀ àlejò. Ẹsẹ̀ àdògán náà kan kúrú. Mo fẹ́ tú u kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n màmá mi já a gbà.

"Èmi ni mo ni àkọ́ṣe ọwọ́ ọmọ mi."

Bí ọbẹ̀ ṣe hó, àdògán dà wó, ẹran adìẹ sì yí gbiri sínú iyanrìn. Ìtìjú fẹ́ pa mí. Màmá mi ṣan ẹran, ó fi òkúta ti ẹsẹ̀ kúkúrú náà.

"Yoo, ó dáa, alihamudulilahi, ó ti dúró."

Nísinsìnyí, àwọn àdògán tí mo ń rọ kì í mì mọ́, ṣùgbọ́n màmá mi kò gba òmíràn. Nígbà tí a ń kó lọ sí Bantama, òkúta yẹn ni màmá mi kọ́kọ́ dì sínú ẹrù.