Ọjọ́ Tí A Ná Síkẹ́ẹ̀tì ní Kíláàsì

Títí di òní, bí mo bá ti gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì, oorun a kọ́kọ́ kùn mí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín a wá lé oorun náà lọ. Oorun àti ẹ̀rín yìí ni mo kó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ ní Kabba, èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́fà. Wọ́n dá kíláàsì ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fún àwa oníṣòwò àti fún àwọn ọmọ tí kò tíì rí iléèwé gíga wọ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kó máa bọ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ, pé ìwé-ẹ̀rí náà yóò dára lára ògiri. Mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ògiri o. Òkìríkà, aṣọ àlòkù ìlú òyìnbó, ni mò ń tà. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lé orí aṣọ bí ẹni tó ń ṣa ìgbín, ibi tí mo ti lè jókòó tí oníbàárà kò ní pè mí ni mò ń wá kiri.

Mo rí i. Olùkọ́ àgbà ló kọ́kọ́ kọ́ wa, òun náà sì ni ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣòwò tí a wà. Ọmọ Kabba ni, irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ẹnì kankan kò sì rí i rí kó ṣí ìwé. Yóò dúró níwájú pátákó, yóò di ọwọ́ sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ yóò sì máa rọ̀ bí òjò orí páànù. Òun ń sọ, àwa ń kọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan kan. Èmi kì í tilẹ̀ kọ púpọ̀. Màá fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n bí ẹni tó ń ronú jinlẹ̀, màá sì sùn. Oorun náà dùn! Bí bàbá bá ti dákẹ́ ni mo máa ń ta jí, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n tí ìyá rẹ̀ dẹ́kun jíjó.

Ní sáà kejì ni wọ́n mú olùkọ́ kékeré wá. Ọmọ Isanlu ni, tín-ín-rín báyìí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayé kò tíì ṣe ní nǹkan kan. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé ló ní ká wọ́ àga wa, ká jókòó yí ká bí ẹni tó ń yáná. Ó ní ìjíròrò la ó máa ṣe, àwa la ó máa sọ̀rọ̀, òun yóò máa gbọ́. Mo yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, “Ṣé àwa náà la ó máa gba owó oṣù rẹ̀ ni?” Olùkọ́ náà gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Okun la wà. Nílé tiwa, ọmọ kì í já àgbà nírọ́. Bí àgbà bá pe ẹṣin ní ìgalà, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á ní ìwo rẹ̀ dára. Èmi ni mo sì dàgbà jù ní kíláàsì. Bí olùkọ́ kékeré bá ti béèrè ọ̀rọ̀, gbogbo ojú a yí sọ́dọ̀ mi. Màá sọ tèmi. Ó parí nìyẹn. Ẹni tó kàn á ní, “Bí Ìyé ṣe wí i náà ni.” Ẹni tó tẹ̀ lé e á ní, “Ẹ̀yìn Ìyé lèmi náà wà.” Ìyé ni wọ́n ń pè mí, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin kan tó ń ti Iyamoye wá ni tirẹ̀ tún yàtọ̀. Yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, yóò kí mi, “Okun o, Ìyé,” kó tó wá sọ pé òun kò ní ohun tí òun fẹ́ fi kún un.

Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, Ọlọ́run kò sì fi ẹnu dù mí. Lọ́jọ́ kan mo ní òjò ni kì í jẹ́ kí ọjà tà nígbà ọyẹ́. Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òjò wo ló ń rọ̀ ní Kabba nígbà ọyẹ́?

Olùkọ́ kékeré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé kan.

“Ìyé, ọ̀gá ń bọ̀ wá wo kíláàsì yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ni mò ń kọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jiyàn lọ́jọ́ náà, wọn á fagi lé ìjíròrò, èmi náà á sì padà sí Isanlu.”

“Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?”

“Ẹ má sọ̀rọ̀, mà.”

“Èmi? Kí n má sọ̀rọ̀?”

“Ẹ dákun, mà.”

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà kò ṣe é bínú sí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ọjà yìí, orí ọmọ ọlọ́mọ ni mo wá jókòó lé.

Ọjà Kabba bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ta ni mo rí? Ọmọ Iyamoye. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Bó ṣe dìde báyìí, ó fa síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan yọ, ẹnu rẹ̀ sì yí padà.

“Ìyé, èyí ti ṣá.”

“Ojú rẹ ló ṣá! Bí wọ́n ṣe pa á láró nìyẹn.”

“Aró kẹ̀? Oòrùn ló pa eléyìí láró. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹni tó ni ín nílùú òyìnbó kò dìde lórí àga rí.”

Iye tó wá pè é, iye tí wọ́n ń ta aṣọ ìnujú ni. Mo lé e kúrò ní ìsọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, àwọn tó wà nítòsí náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Ẹnu tí kò lè fọhùn ní kíláàsì nìyí! Kò sì sí ẹni tó ní ó ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ ìnájà, ọmọ àná lè já mi nírọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ká síkẹ́ẹ̀tì náà, mo sọ ọ́ sínú báàgì.

Lọ́jọ́ Sátidé, olùkọ́ àgbà wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Olùkọ́ kékeré béèrè bóyá ó dára kí oníṣòwò lẹ iye mọ́ ọjà rẹ̀, àbí kí oníbàárà máa ná an. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo pa ẹnu mọ́, ó sì ń dùn mí bí eyín. Kíláàsì dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹko níta. Olùkọ́ àgbà wú ikọ́, ó gbá àga mú, ó fẹ́ dìde. Òógùn ti bo olùkọ́ kékeré.

Mo fa síkẹ́ẹ̀tì yọ, mo sọ ọ́ sí àárín.

“Ọmọ Iyamoye, èló lo pe èyí?”

Ó ti kúnlẹ̀. “Ìyé, iye tí ẹ bá ti…”

“Dìde jàre! Ọjọ́ ọjà la wà. Mo ní kò ṣá.”

Ó wò mí, ó wo síkẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ń yún un, mo rí i.

“Ìyé, ó ti ṣá.”

Ẹnìkan fọwọ́ bo ẹnu. Ará Makutu kan ní kò ṣá, wọn kò kàn fọ̀ ọ́ ni. Ẹlòmíràn ní bí a bá ti lẹ iye mọ́ ọn, gbogbo ariwo yìí kò ní sí. Ìkejì rẹ̀ ní ariwo yìí gan-an ni ọjà. Ni gbogbo ilé bá dà rú! Olùkọ́ àgbà kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn:

“Oníṣòwò ló mọ iye tó ra ọjà rẹ̀. Òun ni kó dá iye lé e, ọ̀rọ̀ tán.”

Ta ni yóò fèsì? Ọmọ Iyamoye ni, síkẹ́ẹ̀tì sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀.

“Rárá, sà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní sáà kìíní pé iye tí a ra ọjà kọ́ ni iye ọjà, ohun tí oníbàárà bá rí lára rẹ̀ ni. Ohun tí èmi sì rí lára èyí, ó ti ṣá.”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, sà!”

Gbogbo kíláàsì ló pariwo rẹ̀, èmi náà sì bá wọn pariwo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nígbà tí mo sùn ní gbogbo sáà kìíní, etí mi kò bá mi sùn.

Láti ọdún tí bàbá ti ń sọ̀rọ̀ jáde, ọ̀rọ̀ náà kò padà wálé wá kí i rí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wọ́ àga rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ wá sí àárín wa, ó sì ń bá wa jiyàn títí tí olùṣọ́ fi mú kọ́kọ́rọ́ dé. Olùkọ́ kékeré kò padà sí Isanlu. Láti ọjọ́ náà, bàbá á kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ lórí ìdúró, lẹ́yìn náà la ó wọ́ àga. Bí òkìríkà ni mo ṣe rí i. Ẹni tí kò ra ìdì aṣọ kò ní ohun tí yóò tú. Ẹni tó bá sì ra ìdì tí kò tú u, ìrọ̀rí ló rà.

Ọmọ Iyamoye wá kúnlẹ̀ bá mi níta, ó ní kí n má bínú pé òun já mi nírọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní, “Dìde. Iye tí o pe aṣọ mi nìkan ni n kò ní dárí ẹ̀ jì ọ́.”

Ìwé-ẹ̀rí náà wà lára ògiri lónìí, ó sì dára níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ Iyamoye ti di tíṣà ní Iyah-Gbede. Ó ní bí òun bá béèrè ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì òun á ní, “Bí Àǹtí ṣe wí i náà ni.” Mo ní kó máa kó wọn bọ̀ lọ́jà. Olùkọ́ àgbà ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ ọjà, yóò wá síbi ìsọ̀ mi, yóò di ọwọ́ sẹ́yìn, yóò sì máa dá àwọn oníbàárà mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa aṣọ. Ohùn náà ṣì ń rọ̀ bí òjò orí páànù. Èmi á fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n, màá sì sùn, títí ọmọdébìnrin kan á fi gbé aṣọ sókè lójú oòrùn, táá ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, irọ́ ni.”

Ìgbà náà ni mo máa ń ta jí.