Orin Inú Fóònù Bàbá Mi

Onínúfùfù ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, irọ́ ni mo fẹ́ pa. Màámi máa ń sọ pé kí agbẹ̀bí tó gbá mi nídìí ni mo ti pariwo mọ́ ọn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ náà mọ̀ mí mọ́ ọn. Tí ẹnì kan bá ń fi nǹkan falẹ̀, ara á máa yún mi, mà á já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mà á ṣe é fúnra mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń pe ìyẹn ní ìwà akíkanjú.

Bàbá mi ló darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nílùú Oǹdó láti ìgbà tí mo wà ní kékeré títí tí irun orí wọn fi funfun. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń dá orin sílẹ̀. Wọn kì í kọ ọ́ síwèé. Wọ́n ní orin téèyàn bá ti kọ síwèé, ojú ló máa ń bá a lọ, etí á wá di ọ̀lẹ. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akọrin, apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: tírẹ́bù á kọ tiẹ̀, á dákẹ́, ó kan áàtò, ó kan tẹ́nọ̀, ó kan báàsì. Ohun tí ẹ bá mọ̀ ò ju tiyín lọ, àfi lọ́jọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá pàdé. Èmi náà wà níbẹ̀ rí, àmọ́ bàbá mi bá mi wí lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan, mo fìbínú jáde, mi ò padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. Nígbà tí fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ dóde, bàbá mi ra ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin ẹgbẹ́ wọn sínú ẹ̀ kí wọ́n má bàa gbàgbé. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn orin yẹn wà láyé.

Ìgbà tó yá ni rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lọ. Bàbá tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bú ẹ, wàá mọ̀ pé wọ́n bú ẹ, wọn ò lè sọ pé "omi" mọ́. Wọ́n á máa wo ife, òógùn á bò wọ́n, ẹnu á máa ṣí, á máa pa dé, lẹ́yìn náà wọ́n á yíjú sí ògiri.

Màámi ló kọ́kọ́ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ń wá nọ́ńbà ẹnì kan nínú fóònù bàbá mi, ni ọwọ́ wọn bá tẹ orin. Kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe máa pa á, bàbá mi ti ń bá a kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé wọ́n ń kùn o. Ọ̀rọ̀ ni! Ọ̀rọ̀ inú orin náà ń jáde lẹ́nu wọn geere, láì ṣi ẹyọ kan. Màámi pè mí lórí fóònù tiwọn, mo wà ní ọ́fíìsì ní Alágbàká, mo gbọ́ ohùn báàsì bàbá mi, mo sì bú sẹ́kún láàárín àwọn fáìlì. Àmọ́ bí orin náà ṣe parí, ẹnu wọn tún pa dé. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ ọ̀tọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé ọ̀tọ̀.

Orin kan wà níbẹ̀ tí bàbá mi dá sílẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì ń ṣe ìdúpẹ́ ogójì ọdún ìgbéyàwó. Ó dé ibì kan tí báàsì á dá kọ pé, "Aya mi, o ṣé tó o dúró tì mí." Màámi wá sọ ọ́ di àṣà. Tí wọ́n bá ti wẹ̀ fún bàbá mi tán nírọ̀lẹ́, wọ́n á fa àpótí ìjókòó wọn wá síwájú bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tẹ orin náà. Tó bá dé ibẹ̀, bàbá mi á wo ojú wọn, wọ́n á sọ ọ́. Màámi á dáhùn pé, "Mo wà ńbí, ọkọ mi." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí tọkọtìyàwó yẹn ń bá ara wọn sọ lójúmọ́ nìyẹn.

Ẹ wá rí fóònù náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń kú fúnra ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná. Màámi ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo gbé e, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, pé mà á ra tuntun, mà á kó gbogbo orin sínú ẹ̀. Màámi ní, "Rọra ṣe é o. Má fi ìkánjú ẹ ṣe é." Mo ní ṣé mo ti ba nǹkan wọn jẹ́ rí ni.

Mo ra fóònù tuntun, mo kó méjèèjì lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Arákálẹ̀. Ó yí ti bàbá mi síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Bátìrì ẹ̀ ti wú, mọ́mì. Ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, kí n wá bátìrì tí mà á fi tàn án, kí n wá kó ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín."

Di ọ̀la kẹ̀? Ta ni ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn? Ẹ fi fóònù sílẹ̀ di ọ̀la, wọ́n á tú ojúlówó inú ẹ̀, wọ́n á fi ayédèrú dí i. Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ òmùgọ̀ sí mi níwájú orí ni. Mo já fóònù gbà, mo yí ẹ̀yìn padà. Ọkùnrin yẹn kígbe tẹ̀ lé mi: "Mọ́mì, ẹ yẹ inú fóònù yẹn wò dáadáa o! Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ń wà nínú mẹ́mórì!" Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ.

Lójú tèmi, inú mẹ́mórì lorin ń gbé. Ṣebí bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ẹ ra mẹ́mórì tí ò ju èékánná lọ, ẹ gbé e fún àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù létí ọjà, wọ́n á kó orin kún un, ẹ á tì í sínú fóònù. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fóònù, ẹ á yọ ọ́, ẹ á tì í sínú tuntun, ó parí. Mo délé, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹ orin àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ akọrin bú sórin. Mo tẹ ìkejì, akọrin. Orin náà lé ní ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò jókòó ti gbogbo ẹ̀? Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin tó máa ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò wa dé, ó ń ké nínú gbohùngbohùn ẹ̀: "Fóònù kọ́ńdẹ́ẹ̀mù! Láptọ́ọ̀pù kọ́ńdẹ́ẹ̀mù!" Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń kó ohun tó ti bàjẹ́, tí wọ́n á fún yín ní abọ́ oníke dípò ẹ̀. Ẹ̀rù fóònù tó wú yẹn sì ti ń bà mí, wọ́n ní irú ẹ̀ máa ń gbiná nínú ilé. Mo gbé e fún un. Ó fún mi ní abọ́ aláwọ̀ aró kan tó ní ìdérí. Mo tiẹ̀ bá a fà á, mo ní kó fi kékeré kan kún un, ó fi kún un. Mo wọlé, mo ń kọrin.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo wà ní Oǹdó. Màámi ò tilẹ̀ dúró kí ilẹ̀ ṣú. Wọ́n fa àpótí wọn wá, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, àfi bí ìyàwó tuntun. Mo tẹ orin. Bàbá mi gbé orí sókè, wọ́n ya ẹnu, wọ́n ń retí. Akọrin ń kọ ọ́ lọ. Bàbá mi ò wọlé sí i.

Màámi ní, "Èyí kọ́. Ti ìjọ míì nìyí, bàbá rẹ rà á ni."

Mo tẹ òmíràn. Wọ́n ní, "Èyí náà kọ́." Mo tẹ òmíràn. A gbọ́ títí oúnjẹ fi tutù, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ orin ọjà, orin ìjọ ẹlòmíì. Èmi ọmọ bíbí inú wọn, mi ò lè dá ohùn ẹgbẹ́ akọrin bàbá mi mọ̀ yàtọ̀ sí ti ará ìta! Bàbá mi ya ẹnu sílẹ̀ fún gbogbo àsìkò yẹn, itọ́ ń já bọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, màámi ń nù ún.

Wọ́n bi mí pé, "Fóònù ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ó wà ní Àkúrẹ́. Mo purọ́ fún ìyá mi.

Mi ò débi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọkùnrin Arákálẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ohùn téèyàn bá fi fóònù gbà, inú ara fóònù yẹn ló máa ń wà, àfi téèyàn bá kó o kúrò níbẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá olọ́mọlanke kiri Àkúrẹ́, mo ń sáré tẹ̀ lé gbogbo gbohùngbohùn tí mo bá gbọ́. Nígbà tí mo rí i, ó rántí mi, ó ní ṣé abọ́ yẹn ló fọ́. Ó ní ọkọ̀ ti kó gbogbo fóònù lọ sí Èkó láti ọjọ́ Àìkú. Ó bá mi pe ẹni tó kó wọn. Mo ń ṣàpèjúwe fóònù bàbá mi, mo ń sọ ibi tó ti sán, onítọ̀hún ní, "Ìyá, àpò ńlá ńlá ni mo kó. A ti ń fọ́ wọn." Mo jókòó sórí ìdérí gọ́tà níbẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Mo wá sọ òótọ́ fún màámi. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n gbìyànjú láti kọ orin náà fúnra wọn, àmọ́ ohùn màámi kì í dúró lójú kan, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe wọn. Bàbá mi kàn ń wò wọ́n. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí màámi, ó tán.

Nínú àwọn akọrin àtijọ́, a wá ẹni tó ṣẹ́ kù. Àwọn tẹ́nọ̀ ti kú tán. Tírẹ́bù méjì wà lókè òkun, wọ́n ní àwọn ò rántí. Ẹni kan ṣoṣo tí mo rí ni ìyá arúgbó kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Ìjù. Áàtò ni. Bí mo ṣe dárúkọ orin ìdúpẹ́ yẹn, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ ò jọ orin létí mi. Ó ń lọ sókè díẹ̀, á dúró, á dákẹ́ fúngbà pípẹ́, á tún bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, níbi tẹ́ ẹ dákẹ́ sí yẹn, kí ni wọ́n ń kọ níbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Tiwa nìkan ni bàbá ẹ kọ́ wa, ọmọ mi. Àwa áàtò la máa ń dá a. Tẹ́nọ̀ á gbà á lẹ́nu wa, báàsì á wá wọlé."

Mo ní ẹ kọ́ mi. Mo jókòó tì wọ́n di ọ̀sán, èmi tí mi ò lè fara balẹ̀ kí ẹran jiná. Mo kọ́ gbogbo ẹ̀, mo kọ́ iye ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́. Mo ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Ọ̀wẹnà, àwọn èrò ń wò mí. Ọkàn mi ń sọ pé tí bàbá bá ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyókù á fa ara ẹ̀ jáde.

Màámi ti wẹ̀ fún bàbá mi tán. Wọ́n jókòó síwájú bẹ́ẹ̀dì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀.

Ojú bàbá mi yí padà lọ́gán. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Wọ́n gbé ọwọ́ òsì tó ṣì ń gbọ́ràn sókè, wọ́n fi ń darí mi, mo sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ náà. Mo dé ibi tí áàtò ti ń dákẹ́, mo dákẹ́. Bàbá mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, wọ́n wo apá ọ̀tún, ibi tí fíríìjì wà. Wọ́n na ìka sí ibẹ̀, wọ́n mi orí pé ó yá. Wọ́n ń dúró de tẹ́nọ̀.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún darí mi, wọ́n tún yíjú sí ọ̀tún, wọ́n mi orí, ẹnu wọn ti ṣí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún màámi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìkarùn-ún, màámi di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. O ń jẹ́ kí bàbá rẹ máa retí àwọn òkú."

Mo fi orin náà sílẹ̀. Bàbá mi ò gbé ọwọ́ òsì wọn sọ̀ kalẹ̀.