Ìbídàpọ̀ Káfíńtà àti Ìlù Ilé-Ìwé

Kò sí ẹni tó máa gba ọ̀nà Ayétòrò wọ Ìmàṣàyí tí kò ní rí ṣọ́ọ̀bù Ìbídàpọ̀ káfíńtà. Àga rẹ̀ kì í mì, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ìṣó kan ṣòfò. Àbùkù tó ní kò ju pé bó bá ti rí ohun tó dára lọ́wọ́ ẹlòmíràn, oúnjẹ á kọ̀, kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́.

Ìlù ló fa èyí tí à ń wí. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹfà nílé-ìwé ìlú náà, òun ni wọ́n máa ń gbé ìlù báńdì ńlá kọ́ lọ́rùn bí àwọn ọmọ bá ń yan lọ sí pápá lọ́jọ́ òmìnira. Ìlù náà á bò ó láyà, á bò ó níkùn, ẹsẹ̀ nìkan ni ìyá rẹ̀ fi ń dá a mọ̀. Ó ti pẹ́. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní báńdì ti fẹ̀yìntì, awọ àwọn ìlù ti ya, wọ́n sì ti kó gbogbo wọn sí sítọ̀ọ̀, ìlù ńlá kan àti kéékèèké mẹ́rin, eku ń bímọ sínú wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, obìnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Habeebullah, ránṣẹ́ pe Ìbídàpọ̀. Bẹ́ǹṣì ti kán tán, àwọn ọmọ ń jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ilé-ìwé kò lówó, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá tún bẹ́ǹṣì ṣe kó máa kó ìlù wọ̀nyẹn lọ.

Ìbídàpọ̀ rí ìlù ńlá náà ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ ń yún un láti fà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra ọjà kì í jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé ó wu òun. Ó fajú ro. Ó ní pákó òun, ìṣó òun, iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun wá fi gba ilé eku? Kí wọ́n fi kọ́bọ́ọ̀dù irin inú ọ́fíìsì kún un. Màmá Habeebullah ní kọ́bọ́ọ̀dù ìjọba kì í ṣe ohun tí òun lè fi tọrẹ. Ìbídàpọ̀ ní kò burú, ó dágbére, ó bọ́ síta.

Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan ló ń gbé. Lọ́jà Ayétòrò, bí èèyàn bá ná ọjà tó sì ṣe bí ẹni ń lọ, kò ní kọjá ìsọ̀ kejì kí wọ́n tó ní kó padà wá mú un. Ó dé abẹ́ igi máńgòrò, ó dúró so okùn bàtà. Ó dé gẹ́ètì, ó wúkọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Tíṣà ni obìnrin náà, kò tajà rí. Ẹni tó bá ní kò burú tó sì lọ, lójú tirẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, iná wẹ́dà ti ń tàn nínú ọgbà ilé-ìwé. Bàrúwà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ajórin tó wá láti Ìhunbọ̀, tó gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, tí òun àti Ìbídàpọ̀ ń wojú ara wọn. Àjẹkù irin gẹ́ètì tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fi jó àwọn bẹ́ǹṣì pọ̀, kò ra ohun tuntun kan. Lọ́jọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ márúwá gbé ìlù márààrún kọjá níwájú Ìbídàpọ̀. Ìlù ńlá ló wà lókè pátápátá.

Láti ọjọ́ náà ni ìlara ti di àlejò tí kò mọ ilé lọ. Ìbídàpọ̀ fi ọmọ rẹ̀ ṣe àwáwí, ó lọ sílé-ìwé, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, ó ń fìdí mì í. Kò sí èyí tó mì. Ó délé, ó ní irin kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń jókòó lé, pé á máa gbóná lóòrùn. Mẹ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá inú oòrùn ni wọ́n ti ń kàwé.

"Ọmọ àná ni wẹ́dà yẹn," ni Ìbídàpọ̀ fèsì. "Kò mọ ẹni tó ń lu ìlù yẹn kí wọ́n tó bí i."

"Bàbá Aishat, ṣé ìlù ló ń dùn yín ni, àbí Bàrúwà?"

Ìbídàpọ̀ dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Bàrúwà fi awọ ewúrẹ́ bo ìlù kéékèèké, àwọn tó ń ṣe wòlímátù ọmọ tó parí kéwú sì bẹ̀rẹ̀ sí í háyà wọn. Ìlù ńlá ló ṣẹ́kù. Òrùka igi tó ń di awọ rẹ̀ mú létí ti là, iṣẹ́ káfíńtà sì nìyẹn. Bàrúwà gbé òrùka náà sọdá títì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń lù ú láyé ọjọ́un. Bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e lọ́jọ́ wòlímátù tó ń bọ̀."

Ẹlòmíràn á dúpẹ́. Ohun tí Ìbídàpọ̀ gbọ́ ni pé Bàrúwà fẹ́ fi ohun tó yẹ kó jẹ́ tòun ta òun lọ́rẹ, bí ẹni wa iṣu lóko èèyàn tó sì ń pè é wá jẹun. Ó gba òrùka, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé níwọ̀n ìgbà tí òrùka bá wà lọ́dọ̀ òun, ìlù ńlá kò ní fọhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Bàrúwà bá dé, á ní kó padà wá lọ́la. Bọ́la bá dé, gúúmù kò tíì gbẹ. Bí gúúmù bá gbẹ, igi tó dáa kò sí ní gbogbo ìsọ̀ pákó Jọ́gá. Bàrúwà á ní kò sí wàhálà, á sọdá padà. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ a máa dùn lẹ́nu Ìbídàpọ̀.

Lọ́jọ́ wòlímátù, ó ń rẹ́ pákó lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn kan, ó wúwo, ó ń bọ̀ láti apá mọ́ṣáláṣí. Ayùn dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ aláṣọ funfun ṣáájú, ìlù kéékèèké tẹ̀lé wọn, Bàrúwà ló wà lẹ́yìn tòun ti ìlù ńlá láyà. Òrùka irin róbótó, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, ló yí etí rẹ̀ ká. Wẹ́dà ni, nígbà tí igi pẹ́ jù, ó tẹ irin.

Ìbídàpọ̀ dúró kó gbọ́ bóyá irin á máa ró wọnranwọnran. Kò ró. Bí wọ́n ti kọjá, ó já òrùka igi kúrò lára ògiri, ó fá a, ó fi pákó pẹlẹbẹ dì í, ó kan ìṣó wẹ́wẹ́ sí i. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó ti parí, ó ti sọdá títì.

Bàrúwà yí i wò, ó ní iṣẹ́ náà dára gan-an. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

"Ẹ̀gbọ́n, irin ti wọ̀ ọ́ báyìí. Bí a bá tún tú u, awọ á ya."

"Igi ló ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí yẹn ni àwọn àlejò ṣe gbọ́ ọ lónìí tí wọ́n fi pè wá sí Ìlarò."

Ìbídàpọ̀ kò bi í léèrè ẹni tó máa gbé e dé Ìlarò. Ó gbé òrùka náà kọ́ èjìká, kò padà sí ṣọ́ọ̀bù, ilé ló forí lé. Bàbá kan tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà kí i, ó ní kí ni káfíńtà gbé dání yẹn.

"Ìlù ni," ni Ìbídàpọ̀ wí, kò sì dúró.