Ẹni Tó Ni Nọ́ńbà Ló Ni Ẹrù

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti fi ṣe alábòójútó kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí ó figbe ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tọmọdé tàgbà ló fò dìde lórí àga.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà kan ṣoṣo, tí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ń darí, ni gbogbo wọn ń kó àwòrán sí, bí ará agbo ilé kan ṣe ń lo àká kan náà. Òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ ẹni tí ó lè ka fáìlì, ẹni tí ó lè tún un ṣe, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ yọjú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ojú, kò mọ orúkọ. Nọ́ńbà ni ó fi ń dá olúkúlùkù mọ̀. Bí a bá pa orúkọ ẹnìkan rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ a ṣì wà lára ẹrù tí ó fi sílẹ̀.

Ìyá Onílà ni ó ni nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìnlá. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ya páìpù omi gbogbo tí ó wà lábẹ́ ìlú. Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù tó kọjá, ọjọ́ Ajé yìí gan-an ni ó sì ń bọ̀ wá fọwọ́ sí àwòrán náà kí a tó gbé e fún àwọn tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ẹni tí kì í fẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò, ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ó sì ti fi nọ́ńbà tó ṣófo náà ta ayàwòrán tuntun lọ́rẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì, àká kún. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí kálukú pa ohun tirẹ̀ tí kò wúlò mọ́ rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wá àwòrán Ìyá Onílà títí, kò rí ẹyọ kan, ló bá figbe ta, ó sì kọjú sí ayàwòrán tuntun náà.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lo pa rẹ́?"

"Nǹkan tèmi ni, bàbá. Mo ní kí ẹ̀rọ kó ohun tí mo ni jáde, ló bá da irinwó fáìlì sílẹ̀. Mo rò pé ẹ fi sí i káwa tuntun máa fi kọ́ṣẹ́ ni."

"Irinwó! Ọ̀sẹ̀ mélòó lo dé?"

"Méjì. Ẹ̀rọ ló ní tèmi ni o! Mo tiẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì."

Àwòrán tuntun ti bo ojú ibi tí àwọn ti àtijọ́ wà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sáré lọ ṣí ẹ̀dà gbogbo fáìlì tí ó máa ń ṣe pa mọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àpò Ìyá Onílà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ṣófo bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ìyá náà ti ti ìlẹ̀kùn àpò rẹ̀ mọ́ gbogbo ayé, kí ẹlòmíràn má baà lè kà á. Bàbá sì ń ṣe ẹ̀dà ní orúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe ní àṣẹ ọ̀gá ẹ̀rọ, orúkọ tí ìlẹ̀kùn kankan kì í tì mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ pé, "A kò yọ̀ǹda fún ọ." Kò kà á rí.

Ìyá Onílà wọlé, ó rí i bí gbogbo ilé ṣe dákẹ́.

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Mo sin yín láàyè, mo sì pín ogún yín."

Nígbà tí Bàbá rò ó tán, ìyá náà jókòó. Ó yíjú sí ọmọbìnrin tí ń sunkún.

"Ìwọ ni nọ́ńbà mi wà lára ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbé àga ẹ wá. Ẹni tó ni nọ́ńbà ló ni ẹrù. A ó tún un yà ni." Ó fa bébà kan mọ́ra. "Kọ́kọ́rọ́, èmi náà fẹ́ wọlé sórí ẹ̀rọ. Fún mi ní nọ́ńbà. Tuntun ni kó jẹ́ o, mi ò fẹ́ ti òkú!"