Àwọn Ìwé Tí Dọ̀tun Ń Fi Ránṣẹ́

Bí ẹ bá dé Egan tí ẹ béèrè Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Bàbá Dọ̀tun ni kí ẹ béèrè: tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Kánádà. Èmi ni mò ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tirẹ̀. Fẹ́kọ́mi lorúkọ mi, ẹnu mi kì í sinmi, gbogbo ọgbà ló mọ̀.

Nígbà tí Dọ̀tun ń lọ, ó fi ìwé ńlá kan sílẹ̀, ìwé òfin eré kan tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, olúkúlùkù á sọ ara rẹ̀ di ẹnì kan nínú àlọ́, bóyá jagunjagun, bóyá oníṣègùn. Ẹnì kan á máa darí ìtàn náà. Wọ́n á ju dáìsì, ohun tí dáìsì bá sì sọ labẹ gé.

Bàbá ka ìwé náà tán kí òun náà lè rí nǹkan bá ọmọ sọ lórí fóònù. Ó wá ń kó àwa mẹ́ta jọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé: Akínbọ́lá òṣìṣẹ́ báńkì tó ń ti àdúgbò Command wá, Mọ̀dínátù tó jẹ́ tíṣà, àti èmi. Èmi ni olè. Èmi ni mo yàn án fúnra mi, ẹ má sọ fún pásítọ̀ wa. Eré yẹn dùn ṣá. Ọ̀gá á ti jágbe mọ́ mi ní ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè, àmọ́ tó bá di Sátidé, mo ti ń jí adé ọba.

Wàhálà dé nígbà tí Dọ̀tun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àfikún ránṣẹ́, ìyẹn àwọn ìwé òfin tuntun tí wọ́n ń kọ lé ti àkọ́kọ́ kí eré lè gbòòrò. Ọ̀kan dá lórí ojú omi. Ó dáa, a wọkọ̀. Òmíràn dá lórí yìnyín. Kí ló kan Egan kan yìnyín? Òmíràn tún dé, oúnjẹ ẹṣin ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, ohun tó ń jẹ láàárọ̀ àti ohun tó ń jẹ lálẹ́. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fẹ́ fo ògiri, màá ju dáìsì, màá fò ó tàbí kí n ṣubú. Ní báyìí, Bàbá á ṣí ìwé yìí, á ṣí tọ̀hún, á wá awò ojú, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ mi nídìí ògiri. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n àgbà náà ló ń ṣe é yìí, ta ló máa sọ fún un?

Akínbọ́lá ní wọ́n ti ń pe òun síṣẹ́ ní Sátidé. Irọ́ ni jàre. Mọ̀dínátù ní òun ti gba ọmọ tí òun á máa kọ́ nílé. Mo ní èmi máa sọ ọ́, èmi kì í ṣe ojo. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, nípa àwọn ìwé yìí..."

Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Dọ̀tun ṣẹ̀ṣẹ̀ pè tán. Ó ń béèrè bóyá a ti lo ti ẹṣin. Fẹ́kọ́mi, bí ọmọ yẹn ò bá fi ìwé ránṣẹ́, kì í pè mí. Tó bá ti fi í ránṣẹ́, á pè láti gbọ́ bó ṣe lọ. Bí mo bá fo ojú ewé kan, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí láàárín wa mọ́." Ó wò mí. "Kí lo fẹ́ sọ nípa àwọn ìwé?"

Mo ní, "Wọ́n dáa, sà."

Bó ṣe ku èmi nìkan nìyẹn. Àánú Bàbá ń ṣe mí, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó yá, ó sọ fún Dọ̀tun pé àwọn èèyàn ti lọ, ó ku olè kan ṣoṣo. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun rò pé ọmọ náà á ní òun ń bọ̀ wá jókòó sí tábìlì, kódà kó jẹ́ Kérésì. Dọ̀tun ní, "Dádì, mo mọ ohun tí a máa ṣe sí i." Ni Bàbá bá ń gbálẹ̀ iyàrá ọmọ rẹ̀, ó ń sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn.

Ìwé ló dé. Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbé e wá. Bàbá ka ojú ewé àkọ́kọ́ sí mi létí: àfikún fún ẹni tó fẹ́ dá eré náà ṣe. Kò nílò ẹnì kejì. Òun ló máa béèrè, dáìsì ló máa dá a lóhùn.

"Ọmọ yìí gbọ́n," ó ní.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì. Ẹ jẹ́ ká fún ẹṣin mi lóúnjẹ. Àárọ̀ àti alẹ́, bí ìwé ṣe wí."

Ó mi orí. "Ó máa pè láti gbọ́ bó ṣe lọ. Fẹ́kọ́mi, má bínú, máa lọ sílé. Tí o bá jókòó tì mí, a ò tíì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo dìde, mo lọ, mo ṣí ilẹ̀kùn mi sílẹ̀. Mò ń gbọ́ dáìsì tó ń yí lórí tábìlì rẹ̀. Mi ò gbọ́ fóònù.