Ewé Ilá Tí Mo Já Tán

Ṣílè la ṣì ń ná lọ́dún tí wọ́n gbé mi níyàwó láti Èrúwà wá sí Igbó-Ọrà. Ìyá ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ oko iṣu wọn, wọ́n nawọ́ sí poro mẹ́fà tí wọ́n gbin ilá sí, wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀. Bó bá so dáadáa, wọn á gé ilẹ̀ fún mi, kí n dá oko tèmi. Bí kò bá so, kí n máa bá wọn ro tiwọn lọ. Ìyàwó tí kò lóko, gbogbo nǹkan ni yóò máa tọrọ, títí dórí iyọ̀. Mo fẹ́ oko yẹn ju aṣọ lọ.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ewé ilá kì í ṣe ohun ìdànù. Ìlasa là ń pè é, ọbẹ̀ ni. Ọkọ mi lè jẹ ẹ́ láàárọ̀, kó tún béèrè rẹ̀ lálẹ́. Ìyá ọkọ mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń já a: já méjì lára igi kan, fi ìyókù sílẹ̀. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà ò béèrè. Mo rò pé ahun ni.

Mo wá fúnra mi rò ó. Ewúrẹ́ tó bí mẹ́ta, àwọn ọmọ a máa mu ún gbẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ilá: ilẹ̀ ń bọ́ ọ, ewé ń jẹ ẹ́ tán. Bí mo bá já ewé kúrò, gbogbo oúnjẹ á kù fún ọmọ ilá. Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, kọ ọ́ bí mo ṣe wí i, má bá mi tún un ṣe. Ó dá mi lójú nígbà náà.

Ojoojúmọ́ ni mo ń já a. À ń jẹ ìlasa, àwọn ará ilé ń yìn mí. Nígbà tó yẹ kí ilá máa so, igi lásán ló dúró. Ìwọ̀nba tó so kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, ó sì le.

Ìyá ọkọ mi wò ó títí. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ewúrẹ́ ta ni?”

Mo ní kì í ṣe ewúrẹ́.

“Mo mọ̀. Ewúrẹ́ ì bá ṣẹ́ díẹ̀ kù.”

Tíṣà kan, ará Ìjẹ̀bú, háyà yàrá nílé wa. Mo rò fún un pé n kò ṣe ohun tó burú, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi bébà dúdú bo ìdajì ewé ilá kan lẹ́yìnkùlé, ó ní ká fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó tú u, àwọ̀ ibi tí oòrùn ò dé ti ṣá, ó dà bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ní omi ni gbòǹgbò ń pọn. Ewé ló ń mú omi yẹn pẹ̀lú afẹ́fẹ́, tó ń fi oòrùn dáná, tó ń sè é di oúnjẹ tí gbogbo igi ń jẹ, títí kan ọmọ rẹ̀. Àwọ̀ ewé tútù yẹn ló ń gba oòrùn mú. Ó pè é ní orúkọ òyìnbó kan tó gùn. N kò lè pè é, ìwọ náà má kọ ọ́.

Mo ní, “Ṣé ewé kì í jẹ nínú ẹ̀ ni?”

“Ó ń jẹ ẹ́, bí alásè ṣe ń jẹ. Àmọ́ òun ni alásè.”

Ìyá ọkọ mi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ní, “Á jẹ́ pé alásè la ń sè jẹ látọjọ́ yìí.” Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n nítorí oko. Mo ń bá wọn ro tiwọn títí ọdún fi yí po. Nígbà tí òjò tún rọ̀, wọ́n pè mí lọ sóko, wọ́n gé ilẹ̀ fún mi láti ìdí igi ẹ̀mi kan dé etí odò. Mo dúpẹ́ títí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní irúgbìn ilá. Ìdì igi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

“Èyí ni kó o gbìn. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ nílé wa.”